Bàbá Ìjọ Ò Ṣàìsàn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Dókítà Ọlámipọ̀, olùkọ́ yunifásítì láti Ayétòrò, wọ abúlé kan lẹ́yìn Ìdógò, fọ́ọ̀mù tó kẹ́yìn ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Cornelius, àgbà ìjọ, jókòó síwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, ó ń fi òróró pa orúnkún.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Wọ́n ní dókítà ni ẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ dà?"

"Mi ò ní abẹ́rẹ́, sà. Dókítà ìwé ni mí."

"Ìwé ló ń ṣàìsàn?"

"Rárá, sà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wádìí bí ibi téèyàn ń gbé ṣe ń kó àìsàn bá a. Omi tó ń mu, ọ̀nà tó ń tọ̀, ilé tó ń sùn sí."

"Ọdún mọ́kàndínlógún! Ìyá mi ò mọ A, ó ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó bí ẹ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí báírò.

"Bàbá, ṣé àìsàn kankan ń ṣe yín?"

"Ó tì o! Mi ò ṣàìsàn lórúkọ Jésù!"

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún mi le bí òpó." Ó ní kóun dìde fi hàn án. Ó dé ìdajì, ó padà jókòó. "Ó kàn ń ronú ni."

"Ìgbà wo ló ti ń ronú?"

"Ó di ọdún mẹ́rin."

Ikọ́ gbé Bàbá. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

"Ikọ́ rèé, Bàbá."

"Ikọ́ kọ́. Ọ̀tá ló ń gbìyànjú, kò rí mi mú. Kọ ọ́ síbẹ̀: ara Cornelius le."

Dókítà gbé báírò sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé márùndínlógójì ni mo ti wọ̀ ní abúlé yìí. Gbogbo wọn ní àwọn ò ṣàìsàn. Fọ́ọ̀mù yìí làwọn tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún yín máa wò. Tí ilẹ̀ òní bá ṣú tí n ò rí ẹyọ àìsàn kan kọ, abúlé mìíràn ni wọ́n ń gbé kànga yẹn lọ."

"Kí n wá torí omi fẹnu ara mi pe àìsàn wọlé? Sátánì gbọ́ Yorùbá o."

"Mo lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, sà."

"Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Faransé ńkọ́?"

Bàbá rò ó díẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ bọ́dà la wà. Á ti gbọ́ ìyẹn náà."

Dókítà pa fọ́ọ̀mù dé.

"Kò burú, sà. Kí n tó máa lọ, kí ni ẹ fẹ́ kí n bá yín gbàdúrà lé lórí?"

Ojú Bàbá là.

"Ahà! O ti wá sọ̀rọ̀ báyìí. Mú báírò, kó o má gbàgbé. Àkọ́kọ́, orúnkún ọ̀tún, kì í jẹ́ n sùn. Ìkejì, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìkẹta, ojú òsì, kùrukùru ń bò ó. Ìkẹrin, inú rírun. Èmi àti ìyàwó mi ló ń ṣe, tá a bá ti mu omi odò yẹn."

"Ẹ rọra, sà. Odò wo?"

"Èyí tí àwọn màlúù ń wọ̀. Ìkarùn-ún, ọ̀nà. Nígbà tí ibà kọlu Purity, ọmọ ọmọ mi, wákàtí mẹ́ta la fi gbé e dé Ìlaròó. Ọ̀kadà rì sẹ́rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọpẹ́ ni pé ó yè."

Báírò ń sáré. Ojú ìwé kan kún, Dókítà ṣí òmíràn. Ohun àdúrà mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá." Ó dìde.

"Níbo lò ń lọ? O ò tíì gbàdúrà."

Dókítà kúnlẹ̀. Tó bá ti fo ọ̀kan, Bàbá á rán an létí. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni wọ́n lò kí wọ́n tó ṣàmín.

"Àmín! Ó parí. Ó yá, fagi lé gbogbo rẹ̀."

"Háà! Bàbá!"

"Ṣé o gbàdúrà àbí o ò gbà á? Orúnkún ti san, fagi lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru, fagi lé e. Ojú, fagi lé e."

"Bàbá, kànga yín ń lọ o!"

"Ikọ́, fagi lé e."

Dókítà tún mú báírò. Ó ń fagi, ó ń mí kanlẹ̀. Báírò dé orí inú rírun. Bàbá fò dìde lórí orúnkún tó ń ronú náà, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dúró! Fi inú rírun àti odò àti ọ̀nà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ Sátánì. Iṣẹ́ ìjọba ni."