Ẹ̀rọ Tó Sùn Lé Igba Ẹyin

Ẹjọ́ ẹyin ló gbé Fàtíù dé ààfin Baálẹ̀ lánàá, òun tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ l'Oníru. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tọ́pẹ́ ló ṣe ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin. Ẹ̀rọ mẹ́jọ míì ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì tà. Bí Baálẹ̀ bá dá a lẹ́bi, ta ló máa rà wọ́n ní gbogbo Ajah?

Àǹtí Mùínàt, tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn Thomas Estate, ló pè é lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, igba ẹyin! Adìyẹ mi ìbá sàba lé wọn, ọmọ yìí ní kí n má ṣe wàhálà, ẹ̀rọ òun á ṣe é. Ẹ̀rọ sùn, kò jí mọ́! Ẹyin mi ti bàjẹ́!"

Fàtíù dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Bátìrì ni mo ń ṣọ́ lò. Tí ẹyin bá ti gbóná tó, ẹ̀rọ á sùn díẹ̀. Rẹgulétọ̀ ló ń pín iná fún ẹ̀yà ara rẹ̀, oníkálukú ló ní tiẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú kẹ́nẹ́lì, ìyẹn olórí tó ń pàṣẹ nínú ẹ̀rọ, pé tí oorun bá dé, kó pa iná gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn?" Ọ̀tún Baálẹ̀ bi í.

"Gbogbo wọn, sà. Ṣé èèyàn á sùn, kó fi iná pálọ̀ sílẹ̀?"

"Ta ló wá ń jí i?"

"Ohun tó ń wọn ooru ni, sà. Tí ẹyin bá ti ń tutù, òun ló máa jí ẹ̀rọ."

"Ṣé o pa iná tòun náà?"

Fàtíù họ orí. "Ó... wà lára gbogbo wọn, sà."

Ààfin hó yèè.

"Ẹ gbà mí o!" Mùínàt pariwo. "O ní kí mẹ́gádì jí ẹ, o wá fún mẹ́gádì lóògùn oorun!"

"Àǹtí, ẹ má bínú, ẹyin yín náà jẹ̀bi. Wọ́n ń tutù, wọn ò sọ fún ẹnì kankan!"

Wọ́n pe Tọ́pẹ́ wá jẹ́rìí. Òun náà dọ̀bálẹ̀ ti Fàtíù.

"Kábíyèsí, a dán an wò dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló sùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló jí."

"Kí ló jí i?"

"Èmi ni, sà. Mo yọ bátìrì, mo tún dá a padà sínú rẹ̀."

"Ìyẹn kọ́ ni jíjí," Ọ̀tún wí. "Ìyẹn kú, ó tún ayé wá. Ẹyin wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn?"

"Mẹ́ta, sà."

"Wọ́n pamọ?"

"A dín wọn, sà."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Baálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ọkàn Fàtíù balẹ̀ díẹ̀. Ó fẹnu sí etí Tọ́pẹ́.

"Baba ti sùn. Ṣáà máa sọ pé a dán an wò. Kí wọ́n má lọ mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ tá a gbé e lọ fún Àǹtí ni mo kọ oorun yẹn sí i o."

"Mo gbọ́," Baálẹ̀ wí, ó ṣì dijú.

Fàtíù gbórí sókè. "Kábíyèsí, mo ṣebí ẹ ti sùn!"

"Mo sùn. Ojú sùn, ẹnu sùn, ẹsẹ̀ sùn. Etí nìkan ni mi ò pa iná rẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń fi oorun gbọ́ ẹjọ́, ìkankan ò bọ́ mọ́ mi létí."

Ó wá lajú.

"Tọ́pẹ́, wá igba ẹyin míì fún Mùínàt. Ìwọ Fàtíù, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni wàá fi jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ láàárín ẹyin. O lè sùn, àmọ́ ọwọ́ yẹn ò gbọdọ̀ sùn. Tí ẹyin bá tutù, kí ọwọ́ jí ẹ, kí o jí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá pamọ, Ajah á ra ẹ̀rọ mẹ́jọ tó kù."

"Kábíyèsí, tí wọ́n bá wá pamọ, ta ló máa tọ́ wọn?"

"Ẹni tí òròmọdìyẹ bá kọ́kọ́ rí, ìyá rẹ̀ nìyẹn. Wàá máa kó gbogbo wọn lọ síbi iṣẹ́ l'Oníru títí wọ́n á fi hu ìyẹ́."

Mùínàt rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Fàtíù ò tilẹ̀ dìde nílẹ̀. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló ti ṣí kọ̀ǹpútà tó gbé wá, tó ń wá ìlà àṣẹ kan ṣoṣo tó pa iná mọ́ ohun tó ń wọn ooru.