TP Kì Í Ṣe Tó Pọ̀

Wọ́n gba ìjókòó Sẹ̀gilọlá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Adéfọlárìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ náà rí, kò sí àdàpè níbẹ̀. Obìnrin tó ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú nínú géèmù láti ìgbà tí Abdulmojeed ti ṣí ilé géèmù rẹ̀ ní Àgbówó, òun ni wọ́n ní kó dìde, kí ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí páàdì géèmù lọ́wọ́ rẹ̀ rí wá jókòó sí i.

Kí ló fà á? Ẹnu ni! Ọlọ́run fún àwọn kan lọ́mọ, ó fún àwọn kan nílé, ó kó ẹnu jọ fún Adéfọlárìn. Bí ẹ bá sọ pé òjò rọ̀ ní Mónìyà, yóò ní òun lòun fún un láyè. Bí iná bá dé ní Bódìjà, yóò ní òun ti bá wọn sọ ọ́ láàárọ̀. Ẹ sọ pé ẹ rí ẹja ńlá kan ní Ẹlẹ́yẹlé, yóò ní òun mọ bàbá ẹja náà dáadáa.

Dígí dúdú ló máa ń wọ̀, nínú ilé o! Ó ní jákẹ́ẹ̀tì kan tó jọ ti ológun, àpò ara rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ní láti kó sínú wọn lọ. Kọmándà ló ní kí gbogbo ayé máa pe òun. Ìgbà tó sì kọ́kọ́ wọ ilé géèmù náà, ohun tó fi kí wọn nìyí:

"Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà ní pápákọ̀ òfuurufú Alákíà. Ọkọ̀ ò lè wọlé, ọkọ̀ ò lè jáde, àfi tí mo bá sọ̀rọ̀!"

Ara Abdulmojeed tó ni ilé géèmù bù máṣọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé géèmù kan ní Challenge ránṣẹ́ sí wọn pé kí Àgbówó mú awakọ̀ kan wá, kí àwọn náà mú ọ̀kan wá, kí àwọn méjèèjì bá ara wọn jà lójú òfuurufú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n kan tó tóbi bí ògiri, ní Dúgbẹ̀, kí gbogbo èrò máa wò ó, kó ṣojú Ìbàdàn.

Dúgbẹ̀ yìí ni Sẹ̀gilọlá ń lá lálàá. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kángun sí ilé géèmù náà. Ibi tó ti ń dúró de iná ló ti kọ́ géèmù. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo àwọn tó kù ń gbá, òun nìkan ló lọ yan ogun òfuurufú. Wọ́n já a lulẹ̀, wọ́n já a lulẹ̀, títí tó fi mọ gbogbo ohun tó ń já èèyàn lulẹ̀. Ó tilẹ̀ ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí Dúgbẹ̀: aláwọ̀ ojú sánmọ̀, ó ṣe ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sí èjìká méjèèjì. Ṣé ẹ wá rí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Kì í ṣe àga lásán.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Abdulmojeed wí. "Ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Challenge wá gbọ́ pé ìyá aránṣọ la fi jà? Ẹ wo Kọmándà, ó rí bí ológun."

"Ṣé ìrísí ló ń yìnbọn ni?"

"Mọ́mì, ẹ sinmi ariwo."

"Ariwo wo? Èyí tí mo máa pa kò tíì bẹ̀rẹ̀!"

Ó sì lọ dúró sẹ́yìn àga náà, ó káwọ́ gbera. Wọ́n ní kó dìde, wọn ò ní kó jáde.

Sátidé tí wọ́n fi ìjà sí pé. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, ilé géèmù kún dẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ Challenge jókòó ní Challenge tirẹ̀. Hamidah lorúkọ rẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Láti inú spíkà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, òun náà sì ń gbọ́ gbogbo wọn láti inú máíkì tó wà níwájú Adéfọlárìn.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n," ni Hamidah wí.

"Má kí mi," ni Adéfọlárìn dáhùn. "Ìdílé rẹ ni kó o lọ kí!"

Ilé hó yèè.

Ẹ dúró ná, kí ẹ̀yin tí ẹ kò gbá géèmù yìí rí lè bá wa lọ. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, géèmù á bi yín pé irú ọta wo lẹ fẹ́ kó sínú àgbá tó wà nímú ọkọ̀ òfuurufú yín, àgbá tó ń yìn ta-ta-ta-ta láìmí. Irú mẹ́rin ló wà, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀. HE, tó bá ti ba nǹkan, bíbẹ́ ló máa bẹ́, táá tún gbiná. AP máa ń gún irin tó nípọn. T máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ, kí ẹni tó ń yìn ín lè rí ibi tí ọta rẹ̀ ń gbà. TP ni ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, inú rẹ̀ ṣófo. Ńṣe lèèyàn máa ń po HE, AP àti T pọ̀, táá sì fi TP sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Àìmọ èyí ló fà á tí wọ́n fi já Sẹ̀gilọlá lulẹ̀ títí, kó tó jókòó ka ohun tí wọ́n kọ sínú géèmù.

"Kọmándà, èwo la máa kó?" ni Abdulmojeed bi í.

Adéfọlárìn yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ṣé ẹ rí HE yìí? Hẹ́ẹ̀! Igbe tí ọ̀tá máa ń ké nìyẹn. AP, apani. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni apani ń pa. TP wá ńkọ́?" Ó wo gbogbo ilé yíká. "Tó Pọ̀! Èyí tó pọ̀ nìyẹn! Ẹ rọ TP kún inú rẹ̀!"

"Tó pọ̀! Tó pọ̀!" Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gbe orin.

"Ẹ gbà mí!" ni Sẹ̀gilọlá ké. "Òyìnbó ló ṣe géèmù, báwo ló ṣe máa kọ 'tó pọ̀' sí i?"

"Mádàámù," ni Adéfọlárìn dáhùn, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, "Yorùbá ti tàn káyé."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ o!

"TP kì í ṣe tó pọ̀! Ọta ìdánrawò ni! Inú rẹ̀ ṣófo bí orí ẹni tó yàn án!"

Adéfọlárìn ti kó TP kún àgbá. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó rìnnà kore. Hamidah ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra nílẹ̀ nígbà tí Adéfọlárìn bọ́ sí i lẹ́yìn. Ó tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo ọta ló bà á, ẹyọ kan kò tàsé. Kó-kó-kó-kó-kó! Ilé dìde. Wọ́n ń retí iná, wọ́n ń retí èéfín. Ọkọ̀ Hamidah ń lọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ohùn jáde láti inú spíkà.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

Adéfọlárìn tún tẹ bọ́tìnnì. Kó-kó-kó!

"Ẹ wọlé o, a ò tilẹ̀kùn."

Ló bá ṣẹ́rí padà, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Gbàù! Kọmándà di eérú.

"Àánú rẹ̀ ló ṣe mí," ni Adéfọlárìn wí, ó ń nu imú. "Obìnrin ni. Mo kọ́kọ́ fi kí i ni."

Ìjà kejì dé. Abdulmojeed rọra sọ sí i létí pé ṣé kí wọ́n kúkú bi Mọ́mì léèrè. Adéfọlárìn bojú jẹ́.

"Ṣé ìyá aránṣọ ló máa kọ́ mi ní ogun? Wò ó, T. Lẹ́tà kan péré! Ẹni tó lágbára kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. T ni Tán! Ó ti tán fún wọn!"

"Ìmọ́lẹ̀ lásán ni!" ni Sẹ̀gilọlá pariwo. "Tí ẹ bá kó òun nìkan, ibi tí ẹ wà lẹ fi ń hàn án! Ẹ pò ó mọ́ HE!"

"Mádàámù, ẹ lọ rán ṣòkòtò."

Ó yìn ín. Yéè! Gbogbo ojú sánmọ̀ pọ́n, ó tún di yẹ́lò, ó tún pọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Àgbówó dó, adúgbò náà kò rí iná tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èrò ń ṣe hàà, hàà. Hamidah tó wà lẹ́yìn ìkùukùu lọ́nà jíjìn, tí kò tíì mọ ibi tí ọkùnrin náà wà, ló bá sọ̀rọ̀:

"Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń wá yín."

Ó tọ ìmọ́lẹ̀ náà wá bí ẹni tí wọ́n júwe ilé fún. Nígbà tí Adéfọlárìn rí ọkọ̀ náà tó ń tóbi bọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó gbàgbé pé páàdì wà lọ́wọ́ òun. Ó sọ ọ́ nù. Ó dìde dúró, ó na apá méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n:

"Fà sẹ́yìn! Fà sẹ́yìn! Gé e sọ́tùn-ún! Máa bọ̀, máa bọ̀, ó kù díẹ̀... Ó tó! Ó tó o! Mo ní ó tó-o-o!"

Gbàù!

Ta ni kò mọ igbe yẹn? Ta ni kò tíì gbé mọ́tò wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí rí?

"Kọmándà," ni ẹnì kan bi í láti ẹnu ọ̀nà, "mọ́tò lẹ ń ṣọ́ ní Alákíà?"

Adéfọlárìn rọra jókòó. Dígí rẹ̀ ti wọ́ sí imú.

"Ọkọ̀ kì í wọlé ni?" ó ń ráhùn lábẹ́lẹ̀. "Àbí kì í jáde? Mo parọ́ fún yín?"

Ẹ̀rín ta lẹ́nu gbogbo wọn bí àgbàdo tó bọ́ sínú epo gbígbóná. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá kò rẹ́rìn-ín. Máàkì ìjà kẹta ló pọ̀ jù, ó ju ti méjì àkọ́kọ́ pa pọ̀ lọ. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ ló lọ sí Dúgbẹ̀. Ó di àga mú láti ẹ̀yìn.

"Abdulmojeed, jẹ́ kí n jókòó. Ọ̀nà ṣì wà. Ní ìjà kan ṣoṣo yìí, jẹ́ kí n jókòó!"

Abdulmojeed wo Sẹ̀gilọlá, ó wo Adéfọlárìn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Adéfọlárìn ti ta ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ àga.

"Ológun kì í kúrò lójú ogun. Apani ló kù! Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ ni!"

"Mọ́mì," ni Abdulmojeed wí, ó ń wo ilẹ̀, "ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀."

Inú Sẹ̀gilọlá gbóná débi pé ó pariwo lé wọn lórí: "AP nìkan kọ́! Ara ọkọ̀ òfuurufú kò nípọn! Ńṣe ló máa wọ ibí jáde lọ́hùn-ún! Ẹ sì kúrò lókè ibùdó tí ọkọ̀ tiwa ti ń gbéra, epo wà níbẹ̀!"

Ẹ gbọ́ ohun tí apani ṣe. Ó wọ ìyẹ́ ọkọ̀ Hamidah láti òkè, ó jáde nísàlẹ̀, ó ku ihò róbótó kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti lu etí mi," ni Hamidah wí. "Ẹ bá mi mú yẹtí wá."

Ọta kò dúró síbẹ̀ o. Ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ó fi lọ wọnú àgbá epo tó wà ní ibùdó Àgbówó nínú géèmù. Ibùdó gbiná. Iná náà bú sókè, ó bá Kọmándà níbi tó ti ń fò kiri lórí rẹ̀, ó sì kó o mọ́ra. Hamidah kò yin ọta kankan. Ó kàn ń wò wọ́n ni.

Challenge borí.

Jẹnẹrétọ̀ ń dún gìrìgìrì lẹ́yìn ilé géèmù. Hamidah béèrè pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìyá tó ń pariwo lẹ́yìn yín? Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló tọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa gbọ́ tiwọn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá mi jà ní Sátidé tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá borí mi, kí wọ́n máa lọ sí Dúgbẹ̀, mo gbà."

Ọkàn Sẹ̀gilọlá fò sókè. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ẹ wo obìnrin tó ti pariwo láti ọ̀sán! Àyè tó fi ń wá ohùn yẹn ni Adéfọlárìn fi já máíkì gbà.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni!" ó ké. "Èmi ni mo kọ́ ọ! Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń jábọ́ ni, kí ẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa!"

Àwọn èrò fi ẹ̀rín pa ara wọn. Abdulmojeed kò rẹ́rìn-ín. Ó ń mi orí, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ṣùbúhánálláhì!" ló wí. "Ọgbọ́n ológun! Mọ́mì, ó ti parí. Ní Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa wa ọkọ̀. Kọmándà ni kọ́ọ̀ṣì yín. Wọ́n á jókòó tì yín, wọ́n á máa bá yín yan ọta."

Ohùn Sẹ̀gilọlá padà dé. Àwọn tó wà nídìí kẹ̀kẹ́ ní títì gbọ́ ọ.

"Abdulmojeed! Yan ta ni? Ta ni kí ó bá mi yan kí ni? Má wo Kọmándà, èmi ni kó o wò! Tí mo bá jókòó sórí àga yìí ní Sátidé, ṣé èmi ni mò ń jà ni, àbí òun? Má sọ pé jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kó o gbọ́, mo lè pa á. Mo ní ìjà náà, tèmi ni àbí tirẹ̀? Dá mi lóhùn!"