Omi Ìwẹ̀ Àna Ní Ìdí Ẹ̀fọ́

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ṣùgbọ́n kí ó tó dé rárá, òkìkí rẹ̀ ti sáré láti àdúgbò Ẹ̀pẹ́ dé àdúgbò Ofin.

"Ẹ ti gbọ́? Ọkọ Modúpẹ́olúwa, ẹnjiníà tó ń kàwé yẹn, wọ́n ní ìyá ìyàwó rẹ̀ ni ó…"

"Ó ṣe kí ni? Ó nà án?"

"Ìbá jẹ́ pé ó nà án ni! Wọ́n ní omi tí ìyá fi wẹ̀, òun náà ni ó bù…"

"Bù sí ibo?"

"Sínú ìkòkò ọbẹ̀! Ó wá gbé e fún…"

"Fún ìyá náà?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o."

Modúpẹ́olúwa gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ti ń wọ ààfin, ó pọn Ayọ̀ọlá ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an, àmọ́ ta ní bi í? Ìyá rẹ̀, Màmá Lydia, ti ṣáájú, bàtà rẹ̀ ń ró kọ́kọ́kọ́. Láńre ọkọ Modúpẹ́ ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ó gbé ìwé ńlá kan há abíyá. Mọ́tò kan sì dúró lẹ́nu géètì. Báàgì Modúpẹ́ àti báàfù ọmọ ti wà nínú bùútù. Bí Màmá bá jàre, Ìkẹ́nnẹ́ ni mọ́tò náà ń lọ tààrà, ilé Modúpẹ́ sì tú nìyẹn.

Olóyè Akínbọ́lá, tí í gbọ́ ẹjọ́ ìdílé, jókòó láàárín ìgbìmọ̀. Ìyálóde Ọmọ́yẹni wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Màmá, ta lẹ pè lẹ́jọ́?"

"Àna mi ni, Olóyè. Láti Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti wá wẹ ọmọ-ọmọ mi. Gbogbo ọmọ tí mo bí, ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ̀ wọ́n, kò sí èyí tó ń rùn nínú wọn. Ọjọ́ tí mo dé ilé ọkùnrin yìí, ike omi kan ló gbé síwájú mi."

"Ike ńlá ni?"

"Ike tí wọ́n fi ń ta áísìkirímù!"

Ìyálóde di orí mú. "Fún ọmọ ni, àbí fún ẹ̀yin?"

"Fún àwa méjèèjì! Ni mo bá dìde, mo tan ẹ̀rọ omi fúnra mi, mo fi omi kún báàfù dẹ́múdẹ́mú. Ó dọ̀bálẹ̀ o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló wà tó fi ní, 'Màmá, ẹ ti jẹ́ kí máàkì ilé wa já.'"

"Máàkì kí ni?"

"Ẹ bi í! Ọ̀sán gangan, ooru mú mi, mo ní kó tan fáànù. Ó ní kí n gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà, pé afẹ́fẹ́ ń kọjá níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní afẹ́fẹ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló wà. Olóyè, mo ń gbé àga tẹ̀lé afẹ́fẹ́ kiri bí adìyẹ tó ń wá ibòòji."

Ẹ̀rín bẹ́ láàárín ìgbìmọ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn náà, mo fara dà á. Ti ẹ̀fọ́ ni mi ò lè fara dà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń sè fún mi, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí etí erin. Mo ń jẹ, mo ń yin Olúwa. Àfi ìgbà tí mo bọ́ sẹ́yìnkùlé pé kí n já díẹ̀. Kí ni mo rí? Paípù! Láti ilé ìwẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́! Ọṣẹ dúdú mi ló ń hó yàà lábẹ́ tẹ̀tẹ̀! Olóyè, èmi tí mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí mi ò jẹ edé, tí mi ò fẹnu kan ìgbín láti ọjọ́ tí mo ti ṣèrìbọmi, èérí ara mi ni mo wá jẹ! Mo ń mú ọmọ mi àti ọmọ-ọmọ mi lọ lónìí."

Modúpẹ́ la ẹnu. Ọmọ bú sẹ́kún. Ó pa ẹnu dé, ó ń rẹ ọmọ.

Olóyè kọjú sí Láńre. "Kí lo rí sọ?"

Láńre dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìwé rẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀ tì í.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀bi mi kọ́, ẹ̀bi ìdánwò ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa ṣe é, láti gba ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń kọ́ ilé tí kì í ba ayé jẹ́. Ilé aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń pè é."

"Funfun ṣáà ni wọ́n kun ilé tí ẹ̀ ń gbé."

"Kì í ṣe ti ọ̀dà, Olóyè. Ilé tí kì í fi omi ṣòfò ni, tí kì í fi iná ṣòfò, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí fáànù. Bí ilé bá ṣe mọ ìwà hù sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún un ní máàkì."

"Ilé ń gba máàkì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí Màmá tó dé, ilé wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yege. Wọ́n wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré, a fìdí rẹmi."

Ìyálóde nawọ́ sí ìwé náà. "Ìwé yìí ló ní kí o da omi ìwẹ̀ àna rẹ sí ìdí ẹ̀fọ́?"

Láńre fa ìwé náà mọ́ra. "Ó ní ká má da omi ìwẹ̀ nù, Ìyá. Ìdí òdòdó ló ní ká dà á sí."

"Òdòdó dà?"

"A ò ní òdòdó. Ta ní í gbin ohun tí ẹnu ò lè jẹ ní Ẹ̀pẹ́?"

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn mi orí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Màmá Lydia tẹjú mọ́ ọn títí orí náà fi dúró.

Wọ́n pe Kàmọ́rù, púlọ́mbà tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò wọn.

"Ìwọ lo ṣe paípù yẹn?"

"Èmi? N ò mọ paípù kankan."

"Wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí i lára."

"Háà, paípù yẹn! Olóyè, n ò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó o láyé mi. Kò jò, kò sun!"

"Kí lo rò pé yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá?"

"Afẹ́fẹ́."

"Láti ilé ìwẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni ẹnjiníà ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ta ni, tí màá fi bi í?"

Wọ́n ní kó jókòó. Kàdíjátù, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, dìde kí wọ́n tó pè é.

"Ojú mi báyìí ni mo fi rí i! Ó bu omi ìwẹ̀, ó dà á sínú ìkòkò ọbẹ̀ gbàà!"

"Níbo lo dúró sí?"

"Yàrá mi."

"Fèrèsé rẹ kọjú sí ìdáná wọn?"

"Ó kọjú sí títì."

"Báwo lo wá ṣe rí i?"

"Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, Olóyè."

"Ta ló ṣàlàyé rẹ̀?"

"Ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Ìyálóde fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n má rí eyín rẹ̀. Olóyè kò tíì tán.

"Ìwọ náà ò tọ́ ẹ̀fọ́ yẹn wò?"

"Aúsùbílláhì! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo nawọ́ kọjá ọgbà láti já a."

"Ọjọ́ wo?"

"Ojoojúmọ́."

Bó ti sọ ọ́ tán ló yé e ohun tó ti ń jẹ. Ó rọra jókòó, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Olóyè na abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Láńre, ẹni tó bá ń wọn omi fún abiyamọ, ẹni náà kò tíì ru omi rí. Pa ẹ̀rọ tó ń fa omi. Níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá fi wà lọ́dọ̀ yín, kànga ni wàá ti máa fi ọwọ́ ara rẹ fa omi. Bí wọ́n bá ní kí báàfù kún, kó kún. Bí wọ́n bá ní kí o dà á nù, dà á nù, kí o fa òmíràn."

Láńre gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Olóyè, omi tí wọ́n fi ọwọ́ fà kì í jẹ iná! Máàkì rẹ̀ pọ̀ ju…"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni gbogbo ìgbìmọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá Lydia ti ń gbá gèlè rẹ̀ mú. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Ti omi ti tán. Ti ẹ̀fọ́ ńkọ́? Mọ́tò mi ń dúró."

"Ti ẹ̀fọ́ ló kù," ni Olóyè dáhùn. "Màmá, nígbà tí ẹ ń jẹ ẹ́, tí ẹ ò tíì rí paípù, kí lẹ sọ?"

"Mo ní kò burú."

"Wọ́n ní ó dùn, sà," ni Láńre wí nílẹ̀ tó wà.

"Wọ́n ní ó ń rùn," ni Kàdíjátù wí láti ẹ̀yìn.

"O wà níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

Olóyè mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹnu tó jẹ ẹ̀fọ́ kí ó tó mọ ìdí rẹ̀, ẹnu yẹn kò ní ẹni tó ń gbè. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni ìdájọ́ mi. Bó bá kọ ẹ̀fọ́, kí Kàmọ́rù lọ tú paípù, kí mọ́tò kọrí sí Ìkẹ́nnẹ́. Bó bá gbà á, kí wọ́n kó ẹrù inú bùútù sọ̀ kalẹ̀, kí paípù máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Màmá, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

"Mo fara mọ́ ọn. Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀ ni?"

"Ta ló se ẹ̀fọ́ náà, tó sì bù ú fún yín?"

Gbogbo ojú yí sí Modúpẹ́.

Láti àárọ̀, wọ́n ti ń kà á mọ́ ẹrù, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá ń fi ojú bá a wí, bó ti ń ṣe nígbà tí Modúpẹ́ wà lọ́mọdé tí àlejò bá gbé oúnjẹ fún un. Ó wo Láńre nílẹ̀. Modúpẹ́ ni í máa ka ìbéèrè ìdánwò sí i létí lálaalẹ́, ta ni yóò kà á fún un bí òun bá lọ? Ó wo báàgì rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí etí rẹ̀ yọ nínú bùútù.

"Ọmọ mi," ni Ìyálóde wí, "a ò ní kí o dá ẹnikẹ́ni láre. Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́ ni kí o wí i. Má bu iyọ̀ sí i, má sì bu omi là á."

Modúpẹ́ kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Gbogbo ààfin na ọrùn.

"Wọ́n jẹ àwo àkọ́kọ́ tán, wọ́n ní kí n bu òmíràn wá. Wọ́n jẹ ìyẹn náà tán, wọ́n fi ìka nu àwo, wọ́n lá a. Wọ́n wá wo èmi àti Bàbá Ayọ̀ọlá, wọ́n ní, 'Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohunkóhun tí ẹ bá ń dà sí ìdí ẹ̀fọ́ yìí, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró o.'"