Ojú Kan Tó Kù Nílé Adúnbárìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ yẹn, ẹ dá ẹnu dúró kẹ́ ẹ gbọ́ mi. Ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó? Mẹ́rin yẹn yé mi, ó sì yé yín: ojú bàbá méjì, ojú ìyá méjì. Igba yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí kì í ṣe ọgọ́rùn-ún? Kí ló dé tí kò jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún? Ẹni tó bá ní àwọn àgbà kàn sọ ọ́ ṣeré ni, irọ́ ló pa. Wọ́n kà á ni.

Ní Ìdí-Ìyeyè ló ti ṣẹlẹ̀. Gààrí ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á yan án lórí iná tó ń jó wòwò. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń tú ọmọ sílẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ọmọ wọn lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi Adúnbárìn láràárọ̀.

Adúnbárìn yìí láàánú, ó mọ ọmọ ṣìkẹ́, àmọ́ etí rẹ̀ ló di sí ìmọ̀ràn. Ìjọba ìbílẹ̀ ti ṣòfin pé ẹni tó bá ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó sì gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n rán nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fadérera wá láti kọ́ wọn. Ọmọge ni, kò tíì lọ sílé ọkọ. Gbogbo alágbàtọ́ àdúgbò lọ, àfi Adúnbárìn. Ni Fadérera bá wá a wá sílé.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan la ò tíì rí."

Adúnbárìn wò ó látòkè délẹ̀. "Ọmọ mi, mélòó lo ti bí?"

"N kò tíì bímọ, mà."

"Èmi bí mẹ́jọ. Mo tọ́ mẹ́jọ. Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́mọ pọ̀n?"

"Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò le, mà. Bí ọmọ bá ti ń wọlé, ẹ wo ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ ka iye tó wà nílẹ̀."

Háà! Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí Adúnbárìn lẹ́sẹ̀. "Kí n ka ọmọ! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èèwọ̀ ni! Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níléèwé nìyẹn?"

"Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka tiyín tán ni, mà."

"Èmi ni mo ni wọ́n! Ó dàbọ̀ o."

Fadérera kí i pé ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí ọ̀ràn fi ṣẹlẹ̀.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé ètè gbogbo èèyàn ń là. Gbogbo ìyá dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ń ké, ẹnì kan ń pe Adúnbárìn lọ́tùn-ún, ẹnì kan ń pè é lósì. Ọkùnrin kan tí mọ́tò oko ń dúró dè sáré gbé ọmọ tó ń ké lé e lọ́wọ́, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Adúnbárìn kò wojú ọkùnrin, kò wojú ọmọ. "Múyìíwá, o tún ti bẹ̀rẹ̀," ló wí, torí Múyìíwá ni kì í dákẹ́ láyé. Ó gbé e pọ̀n, ó fi ìborùn ara rẹ̀ bò ó látorí dẹ́sẹ̀. Ọmọ sùn lọ. Ẹ má gbàgbé ìyẹn o.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, Àsàkẹ́ wá fọ́mọ lọ́mú. Àsàkẹ́ ti sin ọmọ mẹ́ta kí èyí tó dúró. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Dúrójayé. Bí Dúrójayé bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, àyà ìyá rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá, ẹ bá mi gbé Dúrójayé."

Adúnbárìn wo orí ẹní. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Dúrójayé... ṣé o gbé e wá lónìí?"

"Bàbá rẹ̀ ló gbé e wá!"

"N kò rí bàbá rẹ̀ sójú o."

"Ta wá ni ẹ pọ̀n yẹn?"

"Múyìíwá ni. Má ṣí i, òtútù á mú un."

Igbe tí Àsàkẹ́ ké, ó dé ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Àwọn obìnrin fi agbada sílẹ̀ lórí iná, àwọn ọkùnrin fi ayò sílẹ̀. Gbogbo wọn já lu ilé Adúnbárìn. Kànga sì wà lẹ́yìn ilé náà, kò sì ní ìdérí.

Ọdẹ́gbàmí, ọdẹ olójú kan, so okùn mọ́ ìdí, ó wọ inú kànga lọ. Ẹ lè gbọ́ bí okùn ṣe ń ha etí kànga.

"Nǹkan wà níbí o!"

Wọ́n fà á sókè. Bàtà ọmọdé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àsàkẹ́ ṣubú lulẹ̀. Fadérera, tó ti gbọ́ ariwo tó sì sáré dé, gba bàtà náà, ó yí i padà. "Ẹ dìde, mà. Koríko omi ti hù sára bàtà yìí. Ó ti wà nínú omi kẹ́ ẹ tó lóyún Dúrójayé." Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń mí ni ẹnì kan ti pariwo pé òun gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ọkọ̀ tó ń kọjá. Àwọn gende já sí títì, wọ́n gbé igi dábùú ọ̀nà, wọ́n fa awakọ̀ sílẹ̀. Wọ́n tú ọkọ̀. Ọmọ ewúrẹ́ ni! Ojú tì wọ́n, ni awakọ̀ àti gbogbo èrò ọkọ̀ bá kúkú bá wọn wá ọmọ. Bàbá Dúrójayé náà ti toko dé, ó ní Adúnbárìn lòun gbé ọmọ lé lọ́wọ́, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sunkún.

Adúnbárìn ńkọ́? Ó ń sáré wọlé, ó ń sáré jáde. Ó gbọn àpò ẹ̀gẹ́, ó yọjú sí ààrò, ó ń lu àyà. "Mo bí mẹ́jọ, n kò sọ ọ̀kan nù rí! Orí mi, má jẹ̀ẹ́ kí n pọmọ ọlọ́mọ!" Bó ṣe ń sáré ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbádùn oorun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n máa mi òun.

Fadérera gun orí odó. "Ẹ dúró! Ibì kan náà lẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n mọ iye wa, ká lè pín ara wa."

Baálẹ̀ ní, "A kì í ka èèyàn."

"Ojú ni màá kà, Bàbá."

Baálẹ̀ ronú sí i. "Ojú... n kò gbọ́ pé èèwọ̀ wà lórí ojú."

"Ó dáa. Ẹ tò, kẹ́ ẹ dúró gbọin-in. Kẹ́nikẹ́ni má mira."

Ó ń kà lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àsàkẹ́ àti ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ojú tó kún fún omijé kò ríran, n kò ní ka mẹ́rin tiyín." Ọdẹ́gbàmí nawọ́: "Tèmi, ẹyọ kan ni o." Fadérera ka tara rẹ̀ mọ́ ọn, ó ka ti Adúnbárìn kẹ́yìn. "Ojú mọ́kàndínnígba."

"Kò gún," ni Baálẹ̀ wí. "Ọdẹ́gbàmí ló bà á jẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ nìyẹn tí Adúnbárìn máa dúró sójú kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé wọn ò mi òun mọ́. Ìborùn mì. Ọwọ́ kékeré kan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú kan yọ, ìkejì ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Adúnbárìn, ó ń wo Fadérera.

"Igba," ni Fadérera wí, kó tó mọ ohun tó ń kà.

"Dúrójayé!" Àsàkẹ́ fò bí ẹni tí iná jó. "Múyìíwá ni o!" ni Adúnbárìn wí.

Ìyá Múyìíwá, tó ti ń bá wọn wá Dúrójayé kiri láti ọ̀sán, ní, "Múyìíwá kẹ̀? Ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi láti ìjẹta!"

Adúnbárìn yí ọrùn. "Ẹ̀yìn mi?"

"Ẹ̀yìn yín, mà."

Obìnrin tó bí mẹ́jọ kúnlẹ̀ fún ọmọge tí kò bí rárá. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀, iwájú pátápátá ló jókòó sí. Wọ́n bi í pé ọmọ mélòó ló ti tọ́ rí.

"Ojú mẹ́rìndínlógún," ló dáhùn.

Àwọn kan wà tó ń jiyàn títí dòní pé kò yẹ kí wọ́n ka ojú ọmọ tó sọnù mọ́ ojú àwọn tó ń wá a. Ẹ yọ ọ́ kúrò ná, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa dún: ojú mẹ́rin ní í bímọ, ojú mọ́kàndínnígba ní í wò ó. Ṣé òwe nìyẹn? Ẹyọ kan ló kù, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sì mú un wá. Torí náà, ẹ má bá mi jiyàn: ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.