Igbá Bàbá Láníhùn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fẹ́ sọ pé torí ọ̀kánjúwà ni. Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ Bàbá Láníhùn ará Òkè-Àgbọn ni.

Àrùn ọkàn ń ṣe Bàbá Láníhùn. Bó bá gun òkè díẹ̀, á di igi mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nọ́ọ̀sì Tèmídire tó ń tọ́jú rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ máa lo oògùn yín. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀, kí ẹ sì máa rìn lójoojúmọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkàn yìí ò ní bá yín dé ọdún ìjẹṣu."

"Kí n máa rìn lọ síbo? Ṣé mo sọ nǹkan nù ni?"

Oògùn nìkan ló gbà. Ahéré etí odò, nísàlẹ̀ òkè tí ilé rẹ̀ wà, ló ń jókòó sí láti àárọ̀, tó ń hun agbọ̀n, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Ẹ sì mọ àṣà wa: àgbà á ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú igbá, àwọn ọmọ tó bá jẹ ẹ́ ló ń gbé igbá relé. Bàbá ń jẹ tirẹ̀, ó ń jẹ tọmọ, ó tún ń fìka nu igbá.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Kò fẹ́ di opó rárá. Ó sọ fáwọn ọmọ náà pé, "Bí igbá bá ti mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún un, kó rù ú gun òkè wálé fúnra rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wo inú igbá, wọ́n wo ojú Bàbá, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

"Èmi ni wọ́n fẹ́ dójú tì? Wọn ò tíì bí ẹni náà! Màá rù ú!"

Ó sì rù ú. Kí wọ́n má baà sọ pé ojú ń tì í, ọ̀nà tó jìn jù ló gbà, ó yí gbogbo ọjà po kó tó gun òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sinmi. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa! Mò ń bọ̀ lọ́la!"

Àwẹ̀ró náà ò gbà. Ó pààrọ̀ igbá sí ńlá, ó kó ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀ kún un, bóyá ọkọ rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ṣé Bàbá á ṣẹ́ kù? Ìbínú ló fi jẹ ẹ́ tán.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi bára wọn yí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bàbá yọ́ ra ẹran ọlọ́ràá lọ́jà, ó dé e mọ́ inú igbá. Ni ajá bá gbóòórùn. Ọ̀kan, méjì, mẹ́fà! Bàbá ki eré mọ́lẹ̀, igbá lórí, ó kọrí sókè. Ẹran já bọ́ lọ́nà, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Àwẹ̀ró káwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà. "Yéè! Ọkàn rẹ̀ o!"

Bàbá fà á wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó dúró. Kò di nǹkan kan mú. Ó ń retí kí ọkàn dá òun dùbúlẹ̀, ọkàn ò ṣe bí ẹni gbọ́.

"Àwẹ̀ró, ta ló gun òkè yẹn?"

"Ẹ̀yin ni." Omijé ti bọ́ lójú ìyàwó.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Tèmídire, ó kọ́kọ́ bá Bàbá wí fún eré àsápajúdé. Ó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n. "Ó mà ti wálẹ̀! Bàbá, kí lẹ lò kún oògùn mi?"

"Ìbínú," ni Bàbá wí.

"Igbá ni," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì ròyìn òkè tí Bàbá ń ru igbá gùn lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì bá fa káàdì Bàbá jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀: oògùn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.