Ìtàn Tí Báǹkì Ní Kí N Mú Wá

Yàrá kékeré kan nínú báǹkì, gíláàsì ni ògiri rẹ̀. Tábìlì kan, àga méjì, kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń rí sí owó ẹ̀yáwó ilé jókòó sẹ́yìn tábìlì. Èmi kápẹ́ńtà jókòó síwájú rẹ̀, mo gbé ìwé kan lé orókún, ojú-ewé mẹ́rìnlá, mo kọ ọ́ kún tinútẹ̀yìn.

Ilé tí a ti ń gbé láti ọdún mọ́kàndínlógún ni onílé fẹ́ tà. Àwa ló kọ́kọ́ fi lọ̀, ṣùgbọ́n ó ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí a kò mú lẹ́tà báǹkì wá, òun á tà á fún ẹlòmíràn. Ọjọ́rú la wà yìí.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ẹ mú ìtàn àkáǹtì yín wá, ti oṣù mẹ́fà?"

"Ṣé mo lè gbàgbé ni?" Mo tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní fún àna.

Kí n má parọ́, nígbà tó pè mí lórí fóònù, itan ni mo gbọ́. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ń rò ó, kí ni báǹkì fẹ́ fi itan àgbàlagbà ṣe. Ìyàwó mi ló ní ìtàn ni wọ́n wí, kì í ṣe itan. Mo ní mo mọ̀, mo kàn ń dán an wò ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ìtàn, ta ni yóò bá mi dù ú? Orí mẹ́fà ni mo kọ, oṣù kan, orí kan.

Ó ṣí ojú-ewé kìíní, ó ń kà á jẹ́jẹ́ síta. "'Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ báǹkì yìí, òjò ń rọ̀ bí ẹni da omi nù, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ sì gbé agbòjò wá pàdé mi...' Bàbá, ọ̀gá àgbà wa?"

"Ó lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé òjò rọ̀ lóòótọ́?"

"Ó ṣú."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní ìtàn tí òun ń wí ni ìwé tó ń sọ iye tó wọlé, iye tó jáde, àti ọjọ́ tó jáde. Pé kò sí òjò nínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ló máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde, òun ti rò pé mo gbà á ní káńtà kí n tó wọlé. Mo ní kó ṣe é kíá nígbà náà, ẹ̀rọ tiwọn kúkú ni. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, bébà kan jáde. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò kún ìdajì bébà náà.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré lẹ tíì lò lọ́dọ̀ wa."

"Ọgbọ́n ni, ọmọ mi."

"Ọgbọ́n báwo, sà?"

Mo fa àga súnmọ́ tábìlì bí ẹni fẹ́ kọ́ ọmọṣẹ́ ní àṣírí iṣẹ́. Mo ní ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wà ní báǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ilé, mo kó owó mi lọ sí báǹkì kejì, torí wọ́n ní àwọn yẹn fẹ́ràn oníṣẹ́ ọwọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò rí ìfẹ́. Mo bá kó o wá síbí, níbi tí mo ti fẹ́ yáwó gan-an. Mo ní àwọn tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi ní àdúgbò wa tó méjìlá. Ó wò mí. Mo ní àwọn méjì ni, ìkejì ṣì ń rò ó.

"Ṣé o rí i," ni mo wí, "ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn. Mo ní kí n kọ́kọ́ di ọmọ yín kí n tó wá tọrọ ìlẹ̀kẹ̀."

"Ẹ ti di ọmọ wa lóòótọ́, sà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá."

"O ṣeun."

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kì í ra ilé, bàbá. Ọrùn rẹ̀ kò tíì le."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí i pé èmi nìkan ló ń rín in, mo dákẹ́.

Ó ṣàlàyé fún mi, kò sì kán mi lójú. Ó ní pípààrọ̀ báǹkì kì í mú kí ojú rere báǹkì pọ̀ sí i. Ohun tí àwọn ń wò ni bí owó ṣe ń wọlé lóṣooṣù, bóyá ènìyàn ń san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Àkáǹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì sọ nǹkan kan. Èyí yé mi, torí èmi náà kì í fi pákó tútù kan ilẹ̀kùn. N kò tíì mọ ibi tí yóò tẹ̀ sí. Ó ní ẹni tó bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn lè rí ẹ̀dínwó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìgbà tó bá kọ́kọ́ yege.

"Ẹ̀dínwó lórí ilé?"

"Lórí èlé, sà. Owó èlé."

"Ilé ni mo wá rà, n kò wá ra èlé."

"Ẹni tó bá fi owó wa ra ilé, á ra èlé mọ́ ọn."

Ó ní ọ̀nà kan ṣì wà: kí n lọ gba ìtàn àkáǹtì mi ní báǹkì méjèèjì tí mo fi sílẹ̀, pàápàá ti ọdún mẹ́tàlélógún yẹn. Ṣùgbọ́n àkáǹtì tí wọ́n ti pa dé, ìwé rẹ̀ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó béèrè bóyá èmi àti àwọn tibẹ̀ pínyà láìjà, bóyá wọ́n lè bá mi yára sí i.

"Mo kọ lẹ́tà ìdágbére sí wọn."

"Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Pé wọn ò ní rí irú mi mọ́ láyé."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n dá bírò wọn padà."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń gbọ́ létí, ọjọ́ Ẹtì ni mo ń rí lójú. 

"Ọmọ mi," ni mo wí, ohùn mi ti lọ sílẹ̀, "ojú fèrèsé ilé yẹn ni ìyàwó mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí láti ọjọ́ tí a ti débẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà mọ̀ ọ́n sí. Níbo ni kí n ní kó gbé e lọ?"

Ó mú bírò. "Báǹkì wo ni màmá ń lò?"

"Ti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó bá mi kálọ, ó ní ẹsẹ̀ òun ò yá."

"Ta ló ń san owó ilé?"

"Èmi ni baálé."

"Bàbá."

"Òun ni. Inú àkáǹtì yẹn náà ló ti ń san án."

"Ṣé ó ti pẹ́ san án rí?"

"Kí onílé tó rántí ló ti máa ń san án."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó fa fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Ó ní màmá lè gba ìwé tiẹ̀ lónìí olónìí, àkáǹtì tó ṣí sílẹ̀ kì í pẹ́. Kí àwa méjèèjì jọ fọwọ́ síwèé, kí orúkọ tiẹ̀ ṣáájú. Bí a bá dé kí aago méjì ọ̀la tó lù, lẹ́tà á wà lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ Ẹtì. Kò ku nǹkan kan mọ́, àfi kí n délé kí n sì bẹ màmá kó gbà.

Mo gba fọ́ọ̀mù. N kò dìde.

"Kí ló tún kù, sà?"

Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní torí pé ìyàwó mi kọ̀ láti pààrọ̀ báǹkì, mo pè é ní ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

"Ọmọ mi, ìwọ tóo mọ̀wé, nínú kí n tọrọ lọ́wọ́ báǹkì àti kí n tọrọ lọ́wọ́ ìyàwó mi, èwo ló rọrùn jù?"

"Báǹkì ni, sà. Oṣù mẹ́fà péré làwa máa ń wò sẹ́yìn."