Bàbá Tí N Kò Lè Fò Kọjá

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́ ni, lọ́jọ́ Àlàmísì kan, láyé ìgbà tí fídíò géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìgboro Èkó. Àwa mẹ́rin la wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Ìdúmàgbò: Alhaji Ṣítù, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta fídíò géèmù, Rìsí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kàwé kọ̀ǹpútà dé yunifásítì, ìyá Alhaji, tó ń fa tẹ̀sùbáà lórí àga, àti èmi. Bí mo bá lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, ọjọ́ yẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀dà ni mo fi ń jẹun nígbà náà. Èmi ni wọ́n ń pè kí n wá kọ nǹkan sára ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà mọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dára. Kò sí àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí n kò ti kọ "Ilé yìí kì í ṣe fún títà" sára ògiri rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, á jẹ́ "Má tọ̀ síbí". Kò sẹ́ni tó ń ka iṣẹ́ mi kí inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, inú á bí i; ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, inú tiẹ̀ á tún bí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kọ ohun kan, ẹyọ kan péré, tí ènìyàn á kà tí á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé Rìsí ń ṣe fídíò géèmù tiwa-n-tiwa, tó sì ń wá ẹni tí á kọ ìtàn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa sọ, mo ní èmi náà á lọ. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ní í sọ: ohun tí n kò bá mọ̀, kí n ní n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní mo ti gbọ́.

Kí n tó jókòó tán, mo ti gbàgbé. Rìsí bi mí bóyá mo ti kọ ìtàn géèmù rí. Mo ní méjì. Ẹ má bi mí ibi tí méjì ti wá. Alhaji gbójú sókè, ó ní òun tí òun ń tà á, òun ò gbọ́ géèmù Yorùbá kankan rí. Mo ní Kùtọ́nù ni wọ́n ti ń tà á.

"Kùtọ́nù tí mò ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Alhaji ní. "Ṣọ́ọ̀bù ta ni?"

Mo wo àjà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá sílé.

Rìsí tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó na páàdì sí mi, ìyẹn ike oníbọ́tìnnì tí wọ́n fi ń darí géèmù. Ó ní kí n ṣe é díẹ̀ kí òun wò, nígbà tó ti jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Wáyà páàdì náà kúrú. Ẹ bá mi rántí wáyà yìí.

Ọkùnrin kékeré kan dúró lójú kọ̀ǹpútà. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó rìn. Ó rìn títí ó fi já sí kòtò, ó kú. Mo tún ṣe é, ó tún kú síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pa ọmọ ọlọ́mọ nínú kòtò kan náà. Rìsí ní kí n fò. Mo fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo fò kúrò lórí àga. Ọkùnrin inú géèmù dúró síbi tó wà.

"Ọmọ yìí," ìyá Alhaji ní, "ṣé ilẹ̀ ń jó ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi bọ́ sí i, mo kọjá kòtò. Ayọ̀ mi ò kéré. Àfi bí mo ṣe rí bàbá arúgbó kan níwájú, tòun ti fìlà àti ọ̀pá, tó dúró sáàárín ọ̀nà, kòtò mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Rìsí ní kí n fò lé e lórí kí n máa lọ, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú gbogbo géèmù.

Ọwọ́ mi kọ̀. Mo wo bàbá, bàbá wò mí. Mo tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, ọkùnrin mi lóṣòó níwájú rẹ̀. Bàbá ò dáhùn. Mo rò pé kò rí i ni. Ìgbà tí n ó fi mọ̀, èmi fúnra mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, páàdì lọ́wọ́. Wáyà tí mo ní kí ẹ rántí, ibẹ̀ ló ti tán. Ó fa kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ti ife tíì Alhaji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Rìsí gbá kọ̀ǹpútà mú, tíì sì dà sórí agbádá funfun Alhaji.

Níbi tí mo dojú délẹ̀ sí, bàtà ẹni mẹ́ta nìkan ni mò ń rí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá padà sí mi létí. Mo bá jẹ́wọ́ nílẹ̀ níbẹ̀: n kò kọ géèmù kankan rí, n kò fọwọ́ kan páàdì rí, ara ògiri ni mo ń kọ nǹkan sí.

Rìsí ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fò ó?"

"Àgbàlagbà ni, Àǹtí. Ó dẹ̀ ń wò mí lójú."

"Òótọ́ ló kúkú sọ," ìyá Alhaji ní. "Rìsí, bàbá ta lo ní kí wọ́n gùn lórí? Wọn ò kí i, wọn ò bi í léèrè ọ̀nà. Ilé ta lo ti kọ́ ìyẹn?"

Alhaji ń fún tíì kúrò lára agbádá. Ó ní, "Ará Kùtọ́nù, dìde."

Rìsí ní àwọn méjì ti wá ṣáájú mi, tàwọn ti sẹ̀tífíkéètì wọn, àwọn méjèèjì ló sì fò lé bàbá lórí láìwẹ̀yìn. Ó ní ká wá sọ pé wọ́n kí bàbá, kí ni bàbá á sọ? Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré lojú kọ̀ǹpútà lè gbà. Ìyẹn ò ṣòro fún mi. Ògiri náà kì í gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ní kó kọ ọ́ báyìí: "O káre, ọmọ. Kòtò wà níwájú."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Alhaji bẹ̀rẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó kà á sókè fún ìyá rẹ̀. Ó rántí ẹni tí mo pa lẹ́ẹ̀mẹfà, ó bú sẹ́rìn-ín, tòun ti aṣọ tútù. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Títí mo fi ṣe é tán, kò pè mí lórúkọ mi mọ́; Ará Kùtọ́nù ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀, kó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n sì fi kọ́ ọ nílé, kó má torí pé kò ní sẹ̀tífíkéètì kó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá rántí bàtà ẹni mẹ́ta yẹn, èmi nìkan á máa dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọ̀dà mi lọ sí Olówógbowó, níbi tí onílé kan ti ń dúró dè mí. Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé òun kì í ṣe fún títà. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo kọ́kọ́ kọ "Ẹ kú ìrìn o" sókè, kí n tó kọ ìyókù.